Òjò Ò Rọ̀, Omi Ló Dé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì o! Ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.
Ọkùnrin kan wà nílùú kékeré kan létí odò. Òun ló máa ń ka ìròyìn ojú ọjọ́ lórí rédíò ìlú. Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń sọ bí ọ̀sẹ̀ ṣe máa rí, ohun tó bá sì sọ kì í yẹ̀. Làwọn èèyàn bá sọ ọ́ ní Ẹnu-Ò-Yẹ̀. Háà, orí rẹ̀ wú! Ó wá ń rìn bíi pé òun ló ń ti oòrùn jáde láàárọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà, ń mọ bíríkì alámọ̀. Yàrá tó háyà ń jò, ló bá ń mọ bíríkì tó máa fi kọ́lé tiẹ̀. Ó ti mọ ọ́n pé. Ó kù kó gbẹ, kó sì sun ún.

2.
Lọ́jọ́ Ajé yẹn, Ẹnu-Ò-Yẹ̀ pariwo lórí rédíò: "Òjò ò ní rọ̀ nílùú wa lọ́sẹ̀ yìí! Bí ẹ̀kán kan bá já bọ́, ẹ wá fi wẹ̀ mí!"

Ìlú hó yèè! Ẹ̀gbọ́n sáré pè é. "Àbúrò mi, ṣé kí n sá bíríkì mi sétí omi, níbi tí oòrùn ti mú dáadáa?"

"Ẹ sá a jàre! Ṣé ẹ ò mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ ni?"

3.
Ní Ọjọ́rú, ọ́fíìsì ojú ọjọ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ tuntun ránṣẹ́ sí i: òjò ńlá ti rọ̀ lókè odò, omi máa kún kọjá bèbè, kí àwọn tó wà létí odò tètè kó ẹrù wọn.

Ó gbójú sókè. Ojú ọ̀run mọ́ roro.

"Tí mo bá ka eléyìí, wọ́n á ní mo ti ń yí ohùn padà. Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣebí mo ní òjò ò ní rọ̀ nílùú wa ni? Kò sì ní rọ̀!" Ló bá ti fóònù bọ àpò.

Lọ́jọ́ kejì, òjò ò rọ̀ lóòótọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ gbé e sókè: "Ẹnu-Ò-Yẹ̀!" Ó ń jó, ó ń rẹ́rìn-ín. Ibi tó ti ń jó lọ́wọ́ ni igbe ti ta létí odò: "Omi o! Omi ti dé o!"

4.
Kò sẹ́ni tó kú, a dúpẹ́. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n dúró nínú omi tó mù ún dé orúnkún, ó ń fọwọ́ kó bíríkì tó ti di ẹrẹ̀.

"Àbúrò mi, ṣé o mọ̀?"

Ó fẹ́ purọ́, kò rí i pa. "Wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lánàá."

Ẹ̀gbọ́n ò tiẹ̀ pariwo. "Ká ní o sọ fún mi lánàá, à bá ti kó o tán."

Áà! Omi bọ́ lójú Ẹnu-Ò-Yẹ̀ pòròpòrò. Títí dòní, ẹ̀gbọ́n ṣì wà nínú yàrá tó ń jò. Ọkùnrin náà ṣì ń ka ìròyìn, àmọ́ bó bá kà á tán, àwọn ará ìlú á tún lọ fojú ara wọn wo odò.

Ìwọ tó ń ka èyí, mo bẹ̀ ọ́: bí ohun tó o sọ lánàá bá ti yí padà, tètè jáde sọ ọ́ lónìí. Jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn ò lè wó ilé ẹnikẹ́ni.