Háàdì Tó Ń Jẹ́ Ìsinmi

Elétí ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, torí tí okùn gìtá kan bá dún ségesège ní yàrá kejì, á gbọ́. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ yẹn, ohun tó gbọ́ nínú rédíò, ì bá wù ú kó dití. Orin tiẹ̀ ni. Ọdún mẹ́ta ló fi ṣe orin mẹ́jọ, kò sì tíì gbé ọ̀kankan jáde. Ẹni tó ń kọ ọ́ nínú rédíò, kò mọ̀ ọ́n rí.

Ó lọ sí yàrá tó ti ń ṣe orin, ó tan kọ̀mpútà. Háàdì mẹ́ta ló ń kó orin sí, ó sì sọ wọ́n lórúkọ bí ọmọ: Àkọ́bí, Àárín, Àbíkẹ́yìn. Kọ̀mpútà ní lísìtì kan tó ń kọ gbogbo háàdì tí wọ́n bá ti so mọ́ ọn sílẹ̀, pẹ̀lú orin tó wà nínú ẹ̀, ọjọ́ àti aago tí wọ́n kó o síbẹ̀. Tí wọ́n bá yọ háàdì, orúkọ ẹ̀ ò ní kúrò. Á kàn ní àwọ̀ eérú. Tí wọ́n bá dá a padà, á tún di dúdú.

Orúkọ mẹ́ta dúdú. Ìkẹrin ní àwọ̀ eérú: Ìsinmi. Orin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wà lábẹ́ ẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méjì ọ̀sán.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, Elétí wà lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Onígìtá ló fi sílẹ̀ ní yàrá orin, ọ̀rẹ́ ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ méjì péré ni yàrá yẹn ní, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

Elétí pè é wá. "Kí lo ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Mo fi gìtá sí orin kẹfà. Ìyàwó wa gbé ìrẹsì wá, mo jẹ ẹ́ tán, mo sùn. O ṣáà mọ̀ mí."

"Ṣé oorun ló wá kó orin mi lọ?"

"Orin wo?"

Elétí yí ojú kọ̀mpútà sí i. Onígìtá wò ó títí.

"Mi ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ Ìsinmi. Mo fi ọmọ mi búra."

"Má fi ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Ìyàwó Elétí gbọ́, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, olówó orí mi, ẹ má lé e. Ẹni tẹ́ ẹ jọ dàgbà!"

"Àánú ẹ ti pọ̀ jù. Ìrẹsì ẹ gan-an ló jẹ yó kó tó jà mí lólè."

"Ó dáa, ẹ ṣáà má jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹ̀bẹ̀ mi kan ṣoṣo nìyẹn."

Elétí gbà fún un. Onígìtá fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ó gbé gìtá ẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo olórin ti gbọ́, kò sẹ́ni tó tún ń pè é síṣẹ́. Ó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ lórí fóònù: "Mi ò mú un." Elétí pa á rẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Elétí bẹ̀rẹ̀ orin tuntun. Ó pinnu pé ibi mẹ́rin lòun á máa kó o sí báyìí, háàdì mẹ́ta ò tó mọ́.

Ìyàwó ẹ̀ pariwo láti balùwẹ̀: "Ẹ bá mi fi fóònù síná! Cháájà wà nínú báàgì pupa mi!"

Ó rí cháájà náà. Lábẹ́ ẹ̀, ó rí háàdì kékeré kan tí ò ju páálí ìṣáná lọ. Ohun tó ń wá gan-an nìyẹn. Ó mú un dání, ó ń fi ẹnu súfèé orin kẹfà bó ṣe ń lọ sídìí kọ̀mpútà.

Ó so ó mọ́ ọn, ó jókòó, ó sì ń wo lísìtì nígbà tí àwọ̀ eérú kúrò lára Ìsinmi, tó di dúdú.