Aláàmù Tí Bàbá Píríńsípà Ṣí Kúrò Lórí Àtẹ̀gùn

Ẹ dákun, ẹ ka ìtàn yìí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ní ilé, tàbí tí ẹ ń gbé inú ilé tí èèyàn pọ̀ sí, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

1.
Ní Òmù-Àrán níbí, ta ni kò mọ Bàbá Píríńsípà? Ọládayọ̀ Ògúntúndé ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó tọ́ ọmọ ọlọ́mọ yanjú kó tó fẹ̀yìntì, ó sì kọ́ ilé alájà mẹ́ta kan tí a fi ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Màmá Rúùtù, ń gbé lókè pátápátá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní àárín. Sẹ̀kínátù aránṣọ ló gba ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀.

Ohun tó mú ilé náà yàtọ̀ ni aláàmù iná. Bí èéfín bá kan ẹ̀rọ rẹ̀ tó wà lára àjà, agogo á han gooro káàkiri ilé. Àràmídé, ọmọ Bàbá tó jẹ́ ẹnjiníà ní Ìlọrin, ló so ó. Bí àlejò bá dé, Bàbá á nawọ́ sókè, àyà rẹ̀ á wú: "Ẹ wo nǹkan yẹn. Ọmọ mi obìnrin ló ṣe é!"

Irú ìwúrí yẹn kò burú rárá. Ó tọ́ sí i.

2.
Ìlú wá fẹ́ fi Bàbá jẹ oyè. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé ṣe. Ó fẹ́ kí iná ńlá ẹlẹ́wà kan máa rọ̀ dirodiro lórí àtẹ̀gùn, kí ojú àlejò lè kọ́kọ́ bọ́ sí i. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ aláàmù wà. Ó pe Àràmídé lórí fóònù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ ni èéfín máa ń gbà gòkè. Ẹ jẹ́ kí n wá. A ó kọ́kọ́ sọ fún gbogbo ayálégbé, a ó pa apá ibẹ̀ nìkan, ẹnì kan á sì máa ṣọ́ ilé títí a ó fi ṣe tán. Tí a bá gbé e síbi tó yẹ, a ó fi èéfín dán an wò kí gbogbo ilé gbọ́ pé ó dún."

"Gbogbo wàhálà yìí, nítorí ohun tí kò tó ọmọrí ìkòkò?"

"Bàbá, ẹ̀mí èèyàn ni."

"Èmi ni mo rán ọ níléèwé, Àràmídé. Ta ló kọ́lé, èmi àbí ìwọ?"

Ó pa fóònù.

3.
Fọlárìn, ẹni tó ń ṣe àjà ilé, ni Bàbá ní kó yọ ọ́. Bó ṣe gé wáyà, agogo bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sá jáde láìwọ bàtà. Bàbá dúró lójúde, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ padà sílé jàre! Iṣẹ́ là ń ṣe."

Fọlárìn kan ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òpó, ó so wáyà rẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ni bọ́ọ̀dù aláàmù tó wà nísàlẹ̀ bá tan iná pupa rúsúrúsú, ó ń ké píì, píì.

"Bàbá, ó jọ pé nǹkan ń ṣe é o."

"Ariwo rẹ̀ ló pọ̀ jù," ni Bàbá wí. Ó pa gbogbo rẹ̀ pátá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilé kún fún ọmọ ọlọ́mọ, etí ilé sì ti di.

4.
Ọyẹ́ mú lọ́dún náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Sẹ̀kínátù ń lọ aṣọ nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Àsìkò ìrun Àsárì tó, ó jáde, ó gbàgbé áyọ́ọ̀nù lórí aṣọ. Iná dé lẹ́yìn rẹ̀, áyọ́ọ̀nù gbóná, aṣọ sì gbiná. Ta nínú wa ni kò ṣe irú rẹ̀ rí? Nítorí irú ìgbàgbé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń so aláàmù mọ́lé. Èéfín gba àtẹ̀gùn gòkè. Kò sí ohun tó dún.

Hafeezat, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ló gbóòórùn rẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bá òkùnkùn èéfín lójú ọ̀sán. Ó ki ìbòrí rẹ̀ bọ omi, ó fi bo imú, ó ń lu ilẹ̀kùn kiri: "Iná o! Ẹ bọ́ sí bákónì!" Nígbà tí gbogbo wọn jáde, ó yíjú padà.

"Hafeezat, má lọ!"

"Màmá wà lókè!"

Ó rákò gòkè bí ọmọ ọwọ́. Ó bá Màmá Rúùtù nílẹ̀, ó wọ́ ọ dé bákónì òkè.

Ẹ wá wo ọmọ Ìgbómìnà lọ́jọ́ náà! Àwọn tó ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọlọ́kadà, gbogbo wọn sáré dé. Wọ́n fi okùn so àkàbà mọ́ àkàbà, wọ́n sì ń pọn èèyàn sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí Bàbá tó ti Èsìẹ́ dé, níbi tó ti lọ pe èèyàn síbi oyè, ilé rẹ̀ ti di eérú.

Ẹnikẹ́ni kò kú. Ṣùgbọ́n èéfín ti ba ẹ̀dọ̀fóró Màmá Rúùtù jẹ́. Obìnrin tó ń lé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, bó bá sọ gbólóhùn kan báyìí, á sinmi kó tó sọ èkejì.

Ní ọsibítù, Bàbá kò lè wo ojú ọmọ rẹ̀. "Àràmídé, o sọ fún mi."

"Bàbá, kì í ṣe kí n jàre ni mo fẹ́. Màmá mi tó ń kọrin ni mo fẹ́."

Lọ́jọ́ tó yẹ kó jẹ oyè, Bàbá di Hafeezat lọ́wọ́ mú síwájú ìlú.

"Oyè kò tọ́ sí mi. Ọmọ yìí ni kí ẹ yẹ́ sí. Èmi pa agogo, òun ló di agogo."

Gbogbo ìlú dìde dúró fún un. Bàbá Hafeezat, àgbẹ̀ láti Òwu-Ìsin, sunkún ayọ̀ títí. Orí tèmi náà wú.

Ẹ̀yin onílé, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín: bí ẹ bá fẹ́ ṣí aláàmù nípò, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ fún ará ilé. Ẹ má ṣe lọ sùn láì dán an wò. Bí ọmọ yín bá sì kìlọ̀ fún yín, ẹ má wo ọjọ́ orí rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.