Àṣàbí Tí Kò Lè Sọ Pé "Ó Tì"

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ. Aládìrẹ kan wà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, tó ń jẹ́ Àṣàbí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gún régé, ṣùgbọ́n kò lè kọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ìkànnì ayélujára kan bá bi í lórí fóònù pé, "Ṣé kí n máa ránṣẹ́ sí ọ?" kíá, á tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni."

Fóònù náà ò wá sinmi mọ́, ìpolówó ń já lu ìpolówó. Adúnọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín.

"Àṣàbí, ta ló ní kí o gba gbogbo ayé láyè?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó béèrè kó tó wọlé, ṣebí ọmọlúàbí ni?"

"Ọmọlúàbí kẹ̀! Olè náà mọ bí wọ́n ṣe ń kágò."

Adúnọlá gba fóònù, ó ṣí ètò ààbò aṣàwákiri, ìyẹn ohun tí a fi ń wo ìkànnì. Ó gba àyè tí Àṣàbí ti fún àwọn àjèjì padà, ó dí ọ̀nà ìpolówó, ó sì tan ìkìlọ̀ tó máa ń yọjú bí ìkànnì bá léwu. Àṣàbí ń ráhùn ṣáá. Lójú tirẹ̀, ìwà ahun ni.

Kò pẹ́, oníbàárà rẹ̀ kan fi líǹkì ránṣẹ́: "Ẹ bá mi wo irú àdìrẹ yìí." Àṣàbí tẹ̀ ẹ́. Ojú fóònù pupa yòò: "Ewu ń bẹ níbí. Padà."

Ẹ gbọ́ o, ojú ìwé Àṣàbí lórí ayélujára nìkan ni àwòrán àwọn aṣọ àdìrẹ tí ìyá rẹ̀ ṣe kó tó kú wà. Àwọn aṣọ ọ̀hún ti gbó tán. Síbẹ̀, ojú ń tì í láti kọ̀ fún oníbàárà, ìka rẹ̀ ti ń lọ síbi tí wọ́n kọ "Kọjá" sí. Ló bá rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó pe oníbàárà náà, ó bi í nípa líǹkì ọ̀hún.

"Háà, màmá, ẹ má ṣí i o! Èmi kọ́ ni mo fi ránṣẹ́. Èmi náà ṣí irú rẹ̀ lánàá, wọ́n ní kí n kọ pásíwọọ̀dù mi síbẹ̀, mo kọ ọ́, wọ́n sì ti gba ojú ìwé mi lọ́wọ́ mi."

Àṣàbí fò dìde, ó nàka sí fóònù: "Ó tì! Mi ò gbà!" Gbogbo aládìrẹ tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín títí, Adúnọlá pàtẹ́wọ́. Inú Àṣàbí dùn, ó jókòó, ó ń wo àwòrán àdìrẹ ìyá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìwà pẹ̀lẹ́ dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó kágò là ń ṣílẹ̀kùn fún. Ẹ tún ètò ààbò aṣàwákiri yín ṣe lónìí. Bó bá sì kìlọ̀ fún yín, ẹ gbọ́. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́.