Ẹni Tó Ń Pa Aránṣọ Lẹ́rìn-ín

Lọ́sàn-án gbogbo, bí aránṣọ bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, yóò ki okùn ìgbọ́rọ̀ fóònù bọ etí méjèèjì, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó láti ìdí tábìlì tó ti ń tún aago ṣe. Ilé iṣẹ́ rédíò ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí àìsàn ti lé e kúrò níbẹ̀, ó ti fi rédíò ilé tọrẹ, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ iṣẹ́ náà létí òun mọ́. Aago kì í yọ èèyàn lẹ́nu.

Ẹ̀rín yẹn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀rín tí obìnrin náà ń rín nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra ni, kò sì gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà àìsàn náà.

Lọ́jọ́ kan, ó yọ́ dé ẹ̀yìn rẹ̀. Aránṣọ ń ṣẹ́ etí ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì sọ fún fóònù pé, "Ẹ máa pa mí lẹ́rìn-ín kú, olówó orí mi!"

Ooru mú, ìborùn sì wà lọ́rùn ọkọ, kò tú u. Obìnrin ni wọ́n ń mú orogún wá bá. Òun ọkùnrin wá ní tirẹ̀, nínú fóònù! Ó fi ìka kan ẹ̀rọ ìránṣọ náà kò, kò, kò. Ìyàwó rẹ̀ fò dìde, ó fa okùn yọ létí.

"Ṣé ebi ń pa yín ni?"

Ó mirí pé rárá, ó nàka sí fóònù.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ni aránṣọ wí, ó sì da ojú fóònù bolẹ̀.

Owú wá ń jẹ ọkọ bí ẹni máa kú. Nígbà tí obìnrin náà gbé aṣọ oníbàárà lọ, ó mú fóònù ọ̀hún. Orúkọ ìkànnì kan ló wà lókè, ìlà pupa kan wà nísàlẹ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́, yóò gbọ́ ohùn alákòóbá náà. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ta ni yóò fara balẹ̀ gbọ́ ohùn ẹni tó fẹ́ gba ìyàwó rẹ̀? Ó kọ́ orúkọ ìkànnì náà sórí.

Lọ́sẹ̀ yẹn, àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì, yà kí wọn. Òfin tuntun tí wọ́n fi ń mú àwọn tó ń jí iṣẹ́ oníṣẹ́ ti sú u.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni yòówù tó bá ti ní òun lòun ni nǹkan tó wà lórí ìkànnì kan, wọ́n á ní ká tì í pa. A ò gbọ́dọ̀ bi í ní ẹ̀rí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ohun tí wọ́n sọ wá dà nìyẹn."

Ọkọ fi ojú bi í léèrè, bóyá títí láé ni.

"Wọ́n ní onítọ̀hún lè wá wí tẹnu ẹ̀. Níbo ló ti fẹ́ rówó lọ́yà? Á kàn pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ ni. Nǹkan tí ò sì sí níbòmíì mọ́, ó lọ nìyẹn."

Ọkọ bu omi tútù fún un.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kọ ẹ̀sùn ránṣẹ́ lórí ìkànnì náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló dá a dúró: ṣé ìwọ lo ni ohun tí wọ́n jí? Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Kò pẹ́ tí ọ̀sán kan fi dé tí kò sí ẹ̀rín. Aránṣọ jókòó, fóònù ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, omijé ń dà sórí aṣọ aláṣọ.

"Wọ́n ti pa á rẹ́," ló ń wí. "Gbogbo ẹ̀ pátá."

Inú ọkọ dùn dé gongo. Ó ti lé ọkùnrin náà lọ. Síbẹ̀ ó fẹ́ mọ ẹni tí òun ṣẹ́gun, ló bá mú bébà, ó kọ ọ́: Ta ni?

Aránṣọ kà á, ó nawọ́ tú ìborùn náà, ó fi ìka kan etí ihò tí àwọn dókítà dá sí i lọ́fun lọ́jọ́ tí wọ́n gé ohùn rẹ̀ kúrò, ó ní, "Ẹ̀yin ni, olówó orí mi, ilé iṣẹ́ rédíò yín ò tọ́jú ètò yín kankan, orí ìkànnì tí olùgbọ́ yín kan tọ́jú wọn sí nìkan ni mo ti ń gbọ́ ohùn yín."