Sítíkà Ara Àgbá Májèlé

Ọkùnrin adirù ń fa okùn látinú òkun, òógùn bò ó. Aláyẹ̀wò tó máa fọwọ́ sí ẹrù rẹ̀ dúró tì í.

Òfin ọkọ̀ òkun ni pé sítíkà ara àgbá májèlé gbọ́dọ̀ lo oṣù mẹ́ta nínú omi iyọ̀ láìṣí, láìparẹ́. Adirù ti so àgbá kan sómi, oṣù mẹ́ta sì pé lónìí. Ilé iṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un pé bí sítíkà bá ṣí, kó má padà wá mọ́.

"Ṣé o ò jẹun ni? Fà á!"

"Ọ̀gá, ó ti fúyẹ́ jù."

Páànù kékeré kan tó ti dípẹtà ló bá okùn jáde. Omi ti jẹ ìyókù àgbá náà tán. Àmọ́ sítíkà ṣì lẹ̀ mọ́ páànù náà, agbárí inú rẹ̀ ń fẹyín bíi pé àná ni wọ́n yà á.

Aláyẹ̀wò fi èékánná ha á. Kò ṣí.

"Ó yege! Kú iṣẹ́."

Adirù mí kanlẹ̀. "Àgbá ńkọ́, ọ̀gá?"

"Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù. Sítíkà ni wọ́n ní kí n wò."

"Ṣùgbọ́n májèlé wà nínú ẹ̀! Ẹ̀yin lẹ ní kí n rọ ọ́ kún, pé òfìfo ò ní rì."

Àwọn méjèèjì wo omi. Ẹja léfòó síbẹ̀ lọ súà, ikùn wọn kọjú sókè.

Aláyẹ̀wò họrí. "Òfin ní ibi tí májèlé bá wà ni sítíkà máa wà. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn."

"Mọ́ kí ni?"

Aláyẹ̀wò nàka sí òkun.

Adirù rántí iṣẹ́ rẹ̀. Ó lóṣòó létí omi, sítíkà tuntun lọ́wọ́, ó ń wá ibi tó tẹ́jú.