Ẹni Tó Ń Gba Òdòdó Monísọ́lá

Kò sí ẹni tó mọ ìtọ́jú òdòdó haidirénjà tó Monísọ́lá ní gbogbo àdúgbò wọn ní Ellenwood, lókè òkun. Irú tí orí rẹ̀ máa ń ṣe ṣóńṣó ni tirẹ̀, tó ń tanná funfun nígbà ooru, tí yóò wá máa pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí òtútù bá ń bọ̀. Àwọn obìnrin ìjọ ló gbé e wá nínú ìkòkò lọ́dún tí wọ́n wá kí òun àti Ọlátẹ́jú, ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní kó máa rí nǹkan fi ọwọ́ ṣe.

Ó sì ń fi ọwọ́ ṣe é lóòótọ́. Kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀, á ti gé àwọn ẹ̀ka rẹ̀ wálẹ̀, torí orí ẹ̀ka tuntun ló ń tanná sí. Á kó èèpo igi yí ìdí rẹ̀ ká kí ilẹ̀ pupa àdúgbò wọn má baà gbẹ. Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, á bomi rin ín. Bí òjò bá tẹ orí rẹ̀ ba, á fi ọ̀pá gbé e ró. Ọlátẹ́jú ní ó tiẹ̀ máa ń bá a sọ̀rọ̀. Irọ́ kọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń mú inú bí i lórí òdòdó yìí: Ọláníyọnu, àbúrò ọkọ rẹ̀. Ní gbogbo Sátidé tí òdòdó bá wà, á wá, á gé èyí tó dára jù, á wa mọ́tò lọ. Kì í sọ ibi tó ń gbé e lọ.

"Ọkọ mi kékeré, ta ni ẹni ọ̀hún?"

"Aunty, ẹnì kan ni."

Aunty ni gbogbo ẹbí ọkọ rẹ̀ ń pè é báyìí.

Bó bá padà wá jẹun, ẹrẹ̀ á wà lórúnkún ṣòkòtò rẹ̀.

"Ṣé inú oko ni ọmọbìnrin náà ń gbé ni? Àbí o ń kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́?"

Ọláníyọnu á tẹjú mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Ọlátẹ́jú á ní, "Moni, fi í sílẹ̀ jàre," á sì dìde nídìí tábìlì.

Kì í ṣe òdòdó gan-an ló ń dun Monísọ́lá. Ilé náà ló dákẹ́ jù. Yàrá kan wà lókè tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí. Ó fẹ́ kí Ọláníyọnu mú ìyàwó wálé, kí ẹsẹ̀ tún máa dún lórí àtẹ̀gùn, kí ẹnì kan máa béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ òun. Ó ti ń bẹ Ọlọ́run lórí rẹ̀.

Ní Sátidé kan, ó dúró síwájú òdòdó, ó di àlùmọ́gàjí mú.

"Lónìí kọ́. Mú un wá kí n rí i, kí o tó gé òmíràn."

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́. Mo ní shift níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án."

"Kí ló dé tí kò lè wá? Àbí ó ti lọ́kọ ni?"

"Kò lè wá, mà."

Omi lé ròrò sójú ọmọkùnrin náà. Monísọ́lá rò ó lọ́kàn: Háà, ìfẹ́ ti fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ! Ló bá yíjú padà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé èyí tó tóbi jù, ó já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù, ó fi bébà tútù wé ìdí rẹ̀.

"Sọ fún un pé èmi ni mo gé e. Sọ pé mo ní ìgbà wo ló máa wálé? Jẹ́ iṣẹ́ mi bí mo ṣe rán ọ o."

"Mo gbọ́, mà."

Ó dúró síta títí mọ́tò fi yà lọ. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Ní itẹ́ òkú kan lọ́nà Redan, níbi tí àwọn àgbà ẹbí kò jẹ́ kí bàbá àti ìyá ọmọ mọ̀, Ọláníyọnu kúnlẹ̀ nídìí sàréè Eli, ọmọ kan ṣoṣo tí Monísọ́lá bí, ó gbé òdòdó náà lélẹ̀, ó sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an: "Màmá ẹ ní ìgbà wo lo máa wálé."