Àdán Ṣèdájọ́ Ẹ̀ṣẹ́

Àlọ́ mi tàkìtì, ó balẹ̀ sórí Ìnàkí àti Ẹfọ̀n, tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀ṣẹ́ du adé alágbára igbó.

Àdán ni wọ́n fi ṣe adájọ́. Torí kò ṣeku, kò ṣẹyẹ, wọ́n ní kò ní ṣègbè.

Ẹ̀ṣẹ́ kan ni Ìnàkí fún Ẹfọ̀n, Ẹfọ̀n nà gbalaja. Àdán, tó dorí kodò lórí ẹ̀ka, ké pé: "Ẹfọ̀n ló borí! Òun ló wà lókè!"

Àwọn ẹranko bá dárin:

*Ta ló wà lókè?*
*Ẹni tó ṣubú!*
*Ta ló ṣubú?*
*Ẹni tó wà lókè!*

Ẹfọ̀n lajú, ó bá adé lórí ìwo rẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, ta ni mo nà?"

Ìnàkí wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Wọ́n ní èmi ni."

Bí àlọ́ mi bá dorí kodò, ẹ bi Àdán.